Ẹ̀sùn Tí Mínísítà Fi Kan Èdè Abínibí

Nígbà tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, dìde ní Àbújá ní oṣù Bélú ọdún 2025, tó kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, fóònù mi ò sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ọ̀gá ilé-ìwé, tí àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, ń bèèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Kí lẹ rí sí i?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ n fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìbínú kọ, ó ṣòroó pa rẹ́. Inú ṣì ń bí mi o, ṣùgbọ́n mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn.

Ẹ̀sùn náà, bó ṣe yé mi, kò gùn. Mínísítà ní èdè abínibí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ní àwọn agbègbè kan. Pé àwọn agbègbè tó rọ̀ mọ́ ọn jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Nítorí náà, láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ó fi kún un pé ẹ̀rí ni kí a máa tẹ̀ lé, kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí lára wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí náà gan-an ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ìlànà 2022 ló ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá wọ kíláàsì kìn-ín-ní lábẹ́ rẹ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023, kíláàsì kẹta ló wà nígbà tí wọ́n wọ́gi lé e. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ WAEC. Àwọn tó ṣe WAEC ní 2025, nǹkan bí 2013 ni wọ́n wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tó jáde lákọ̀ọ́kọ́ ní 1977, tí wọ́n ti tún ṣe nígbà mélòó kan, ni wọ́n bá nílẹ̀, ìyẹn sì ní kí èdè àdúgbò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ṣẹ̀, ìlànà tí wọ́n pa yìí kọ́. Lágbájá ló jalè, Tàmẹ̀dù ni wọ́n kó sẹ́wọ̀n.

Ọdún ìdánwò tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ńkọ́? Ní oṣù Èbìbí 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde síta, ó sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn: àṣìṣe ẹ̀rọ ló kó bá akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ní oṣù Ògún, WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àwọn ṣi nǹkan ṣe nígbà tí wọ́n ń máàkì, ìdá 62.96 ni. Mi ò sọ pé kò sí ìṣòro. UNICEF ti ń pariwo tipẹ́ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kó yé wọn. Ìṣòro wà, ó sì burú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ìdánwò ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìdánwò náà dáadáa, kó sì fi ilé-ìwé tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn hàn wá.

Nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé-ìwé wo? Ní ilẹ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ yìí, n kò tíì rí ilé-ìwé girama kan tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ Kẹ́mísìrì.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Kíláàsì kẹrin, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Tíṣà kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó nípa evaporation. Ó kà á, àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yí i sí Yorùbá: "Ìyẹn ni pé omi á lọ sókè. Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, sà!" Wọ́n dà á kọ sínú ìwé, ó parí. Nígbà tí wọ́n jáde síta láti ṣeré, mo pe ọmọbìnrin kan, mo bi í pé kí ló dé tí aṣọ fi ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ. Ó ní, "Bàbá, atẹ́gùn ọyẹ́ gbẹ, kò ní omi nínú, òun ló ń fa omi ara aṣọ. Nígbà òjò, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ti yó omi." Ti yó omi! Mo ti gbọ́ àlàyé tí kò tó ìyẹn lẹ́nu ọmọ yunifásítì. Mo wá bi í pé kí ni evaporation. Ó wolẹ̀.

Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń pè ní ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí. Rárá o. Ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, tí a fi Yorùbá díẹ̀ bù kún. Ìwé kíkà, Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ náà ń mẹ́hẹ ló sì ń kọ́ wọn. Bí ọmọ yẹn bá fìdí rẹmi lọ́la, a ó ní Yorùbá ló kó bá a, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni ìmọ̀ ti rí ọ̀nà wọlé sí i lórí.

Èyí tí a ṣe bó ṣe yẹ, a mọ ọ́n, a sì mọ ibi tó já sí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kejì gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí àwa tí a fẹ́ràn èdè wa ti fi ìtàn yìí ṣe orin, a sì ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Ní Ifẹ̀, wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá. Wọ́n kọ́ àwọn tíṣà. Gẹ̀ẹ́sì kò parẹ́ ní kíláàsì wọ̀nyẹn: tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mú "ẹ fi Yorùbá kọ́ wọn" nìkan nínú ìtàn Ifẹ̀, tó fi ìwé, owó àti tíṣà Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, irọ́ ló ń pa mọ́ Fafunwa. Ìlànà 2022 náà, ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe é. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, fúnra rẹ̀ gbà pé yóò ṣòro láti mú un ṣẹ, nítorí ìwé àti tíṣà. Mo pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà. N kò yẹ kí n tètè pàtẹ́wọ́.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí mo rò pé Mínísítà yóò bi wá, tí kò bi wá, tí ojú ì bá sì tì wá díẹ̀: ònkà. Ẹ ro 26 àti 17 pọ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti mẹ́tàdínlógún. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà kò ní mú bírò: ọgbọ̀n àti ogún, àádọ́ta, mẹ́rin àti mẹ́ta tí a yọ, méje, àádọ́ta dín méje, mẹ́tàlélógójì. Ó ti parí kí tíṣà tó fa ìlà sábẹ́ ìṣirò rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n lójú pátákó, 6 àti 7 ni a kọ́kọ́ ń rò pọ̀, ó di 13, a kọ 3, a gbé 1 lọ. Orúkọ tí ọmọ ń pe nọ́ńbà yẹn kò bá bí a ṣe kọ ọ́ mu. Nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí méjì, kò sí mẹ́fà. Mẹ́rin àti ọgbọ̀n ni etí ọmọ gbọ́, 2 àti 6 ni ojú rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún méje ni o! Àwọn kan nínú wa ti dábàá pé kí a ṣe ònkà tuntun tí yóò máa lọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Èmi ò rò pé ó yẹ ká ju ti ìyá ọlọ́jà nù. Tíṣà tó mọ ohun tó ń ṣe lè fi ọ̀nà méjèèjì kọ́ ọmọ, kó fi "dín" kọ́ ọ ní àyọkúrò kó tó kọ́ ọ ní gbígbé lọ. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wo la ti ń kọ́ tíṣà ní èyí? Mo ti béèrè kiri. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi Yorùbá kọ́ni.

Àwa ọ̀mọ̀wé gan-an kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bamgbose ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ìkejì ní 1990. Iṣẹ́ àṣekára ni. Èmi náà ti jókòó nínú ìpàdé tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan sáyẹ́ǹsì, tí a fi odindi òwúrọ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí a jẹun, tí a gba owó mọ́tò, tí a sì lọ sílé. Mélòó nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló dé abúlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan? Ọmọbìnrin yẹn sọ pé atẹ́gùn "yó omi." Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú láti lọ bi irú rẹ̀ léèrè.

Àwọn òbí wá ńkọ́? Ilé-ìwé aládàáni kan tí ọmọ-ọmọ mi ń lọ gbé pátákó kékeré kọ́ ọ lọ́rùn nítorí ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "Ṣó o ti jẹun?" Mo múra, mo lọ bá ìyá tó ni ilé-ìwé. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu. Ó fi sùúrù gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn òbí ló ní kí n ṣe é. Bí mo bá fàyè gba Yorùbá, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ sí òdìkejì títì." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ilé-ìwé òyìnbó ni èmi náà kó àwọn ọmọ mi lọ ní ayé ìgbà tí mò ń kọ ìwé lórí èdè abínibí. Ìyàwó mi rán mi létí rẹ̀ nígbà tí mo délé, bí ẹni pé mo ti gbàgbé.

Ti àwọn kíláàsì tí èdè ti pọ̀, bíi ti Èkó, tí ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Yorùbá jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan, ìyẹn nílò ètò tirẹ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé Yorùbá nìkan tó fún wọn. Ṣùgbọ́n a kì í torí Ajégúnlẹ̀ gba Yorùbá lẹ́nu tíṣà Ìṣẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó pè mí, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ló tún pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ ìwádìí. Ó ní, "Bàbá, mo ní tíṣà mọ́kànlá. Kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo ní kí wọ́n máa fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kọ àlàyé náà sójú pátákó ní Yorùbá pẹ̀lú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ lè rí méjèèjì. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Tí alábẹ̀wò bá dé, tó bá Yorùbá lójú pátákó ńkọ́, sà?" Mo ní kó fún un ní nọ́ńbà mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin."