Éríàlì Alágbèéká, Amọ̀nà sí Ìdí Ariwo

Ìgbà ọyẹ́ ni ariwo rédíò máa ń pọ̀ jù ní ìlú Ara wa níhìn-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹdẹ. Eruku á bo àwo tánganran tó gbé wáyà dúró lórí òpó iná, afẹ́fẹ́ á máa mi ìdè irin tó ti tú, iná á sì máa ta láti irin kan bọ́ sí èkejì ní àlàfo tín-ín-rín. Ojú kì í sábà rí i. Rédíò ló máa ń gbọ́ ọ. Baba tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn òkèèrè lórí SW á kàn máa gbọ́ ariwo tí kò dáwọ́ dúró. Á gbá rédíò lẹ́yìn, á yọ bátìrì, á tún un kì bọ̀ ọ́, nígbẹ̀yìn á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sóhun tó ṣe rédíò. Ìta ni ariwo ti ń wọlé. Bí òjò bá rọ̀ tó fọ eruku náà dànù, ariwo ọ̀hún lè dákẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò dúró di ìgbà òjò?

Àtúnṣe rédíò ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọwọ́ mi ń ṣe, kò sí èyí tó wù mí tó kí n gbé éríàlì tí mo kàn fúnra mi dání, kí n máa tẹ̀ lé ariwo títí n ó fi dé ìdí òpó tó ń pa á. Ohun tí ojú kò rí, tí gbogbo àdúgbò ń ráhùn sí, ìwọ á na ìka sí i pé òun rèé.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá kí díìsì tó gbòde ti kọ́ apá kan iṣẹ́ yìí láìmọ̀. Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni éríàlì ti ń gòkè sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọmọ kan á dúró nídìí ọ̀pá, á máa yí i, àwọn tó wà ní pálọ̀ á máa kígbe: "Ó kù díẹ̀! O ti yí i kọjá! Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Hidetsugu Yagi àti Shintaro Uda ló gbé irú éríàlì yẹn jáde ní yunifásítì kan nílùú Sendai, ní Japan, lọ́dún 1926. Irin gbọọrọ kan ni, tí àwọn irin mìíràn dábùú lé lórí. Ó máa ń gbọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń dití sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ohùn ti ròkè jù ni ọmọ ìdí ọ̀pá yẹn ń wá. Èmi, ibi tí ariwo ti kú ni mo ń wá, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn iṣẹ́ yìí wà. Ẹ tú rédíò kékeré tó ní AM wò, ẹ ó rí ọ̀pá dúdú kan tí wọ́n fi wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ wé. Éríàlì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Lójú ibi tí ariwo ti le jù, bí ẹ bá tilẹ̀ yí i lọ yí i bọ̀, etí kò ní tètè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣóńṣó ọ̀pá náà bá kọjú sí orísun ariwo gangan, ariwo á rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí i díẹ̀ sí i, ó tún ti padà dé. Ìdákẹ́ yẹn kò fẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ ju ariwo lọ. Kìkì pé ọ̀pá náà ní ṣóńṣó méjì, kò sì ní sọ èwo nínú méjèèjì ni. Nítorí náà mo máa ń fa ìlà kan sórí máàpù inú fóònù mi, n ó wá lọ dúró síbòmíràn, bóyá lọ́nà Ẹdẹ, n ó fa ìlà kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti kọjá lórí ara wọn ni mo ń lọ.

Kí n tó jáde rárá, mo máa ń dúró kí iná lọ. Rédíò tó ń lo bátìrì á wà lọ́wọ́ mi. Bí iná bá lọ tí ariwo bá lọ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti òpó, tàbí ti ohun kan tó ń lo iná náà nínú ilé ẹnì kan. Bí ariwo bá ṣì wà, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń wà, tí í lọ bí oòrùn bá wọ̀, ẹ lọ wo ilé tó ní sólà: kọntirólà rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ fura sí. Ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú àti gílóòbù LED náà kò gbẹ́yìn. Ẹ pa mééńì suwíìṣì ilé yín kí ẹ tó fẹ̀sùn kan aládùúgbò.

Etí náà ní láti kọ́ ohùn wọn. Ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná wa ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà irin tó ń ta iná lórí òpó á máa ta á ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ó máa ń kùn kíkankíkan, á sì máa já bí afẹ́fẹ́ bá mi òpó. Ti ìnfátà yàtọ̀: ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí í fara hàn léraléra bí ènìyàn ṣe ń yí rédíò lọ láti ibìkan dé ibòmíràn. Àdúgbò Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó mọ ìlù lù, ti jọba láti 1946 títí di 1975, kò yẹ kó ṣàìní ọmọ tí etí rẹ̀ lè mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì.

Bí mo bá ti sún mọ́ tòsí, ọ̀pá dúdú yẹn kò tó mọ́. Ariwo òpó máa ń rìn jìnnà lórí AM, ó tilẹ̀ máa ń tẹ̀ lé wáyà lọ sí òpó mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Lókè, ní nǹkan bí 135 MHz, kì í lè rìn jìnnà, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Rédíò tó ní AIR, èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ni mo ń lò. Kì í ṣe FM, nítorí FM máa ń gé irú ariwo yìí dànù.

Ará Amẹ́ríkà kan, Joe Leggio, ló gbé ètò éríàlì tí mo ń kàn jáde. Téèpù onírin táwọn káfíńtà fi ń wọn pákó ni ó fi ṣe irin rẹ̀, páìpù PVC ni igi rẹ̀. Téèpù ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 105, ti iwájú jẹ́ 89, ti àárín jẹ́ ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 45. Láti ẹ̀yìn dé àárín jẹ́ 20, láti àárín dé iwájú jẹ́ 32. Fún nǹkan bí 146 MHz nìyẹn. Kí ó lè bọ́ sí 135, mo máa ń fi ìdá kan nínú méjìlá kún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà họ ọ̀dà ara téèpù kúrò dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ẹ̀dì kò ní mú un. Wáyà kékeré kan tí a tẹ̀ bíi píìnì irun ló so apá méjèèjì àárín pọ̀. Bí mo bá gba àárín igbó kọjá, téèpù á tẹ̀, á tún nà padà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gidigidi. Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni pé Leggio ṣètò ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dití pátápátá. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí òpó tí mo fura sí, n ó sì fetí sílẹ̀ bóyá ariwo á kú.

Iṣẹ́ yìí ní baba ńlá. Karl Jansky, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní New Jersey, kan éríàlì ràgàjì kan sórí táyà ọkọ̀ Ford, ó ń yí i po lórí 20.5 MHz kó lè mọ ohun tó ń da tẹlifóònù orí òkun láàmú. Ó rí ariwo ààrá. Ó tún gbọ́ èkejì, tí kò ti inú ayé wa wá rárá, tó ń tètè dé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lójoojúmọ́. Lọ́dún 1933 ó kéde pé láti àárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ni ó ti ń wá. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wíwo ojú ọ̀run pẹ̀lú rédíò ti bẹ̀rẹ̀.

Páànù àti táńkì omi onírin máa ń da ìgbì padà, wọ́n lè fọwọ́ òdì hàn yín. Ẹ rìn kúrò níbẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ẹ bá wá dé ìdí òpó tí ariwo ti gba gbogbo ọ̀nà, ẹ yọ éríàlì kúrò, ẹ fi àyà yín bo rédíò, kí ẹ máa yípo. Ara ènìyàn á dínà mọ́ ọn lẹ́yìn.

Mo ń bẹ àwọn olùkọ́ ní Pọlitẹ́níìkì Ìjọba Àpapọ̀ l'Ẹ́dẹ àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kan ọ̀kan. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé wíwá òpó ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe àtúnṣe rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òòlù gbá a. Iná 11,000 fólítì ló wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ya fọ́tò òpó náà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi lé àwọn òṣìṣẹ́ iná lọ́wọ́.