"Ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́": àríwísí lórí ìtumọ̀ kan

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí àfojúsùn 17, pẹ̀lú ìlépa 169 lábẹ́ wọn, tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ọdún 2030 tó parí. Orúkọ tí èdè Faransé fún iṣẹ́ náà ni "développement durable".

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Faransé dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí yóò yára pè é ní "ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́". Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà. Aṣọ a máa tọ́jọ́. Ọkọ́ a máa tọ́jọ́. Bí àgbẹ̀ Kétu bá gbọ́ ọ, kànga tí kò tètè bàjẹ́ ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ohun tí ìròyìn Brundtland wí ní ọdún 1987 yàtọ̀: kí àwọn tí ó wà láyé rí tiwọn jẹ, láìdínà oúnjẹ mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. "Tọ́jọ́" kò mẹ́nu kan ọmọ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni èrò náà kò ṣàjèjì sí oko. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó bá se èbù jẹ, iṣu ọdún tí ń bọ̀ ni ó jẹ. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè tí ó tọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́: ta ni ń jẹ èbù wa?

Àléébù kejì kò sí lọ́wọ́ atúmọ̀. Ìlépa 4.6 fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ àti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, mọ ìwé àti ìṣirò; kò sọ èdè tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Ìlépa 17.18 ní kí a ka ènìyàn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: owó tí ń wọlé, ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ibùgbé àti àwọn mìíràn. Kò dárúkọ èdè.

Ní Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni èdè ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 11 nínú òfin ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn àti láti kọ ọ́. Nítorí náà, ìdákẹ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ tí ń ka Yorùbá geere yóò di aláìmọ̀wé lójú ẹni tí ó fi Faransé nìkan dán an wò.

Ìwé náà ṣèlérí pé a kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí a kò bi léèrè ní èdè rẹ̀ ti wà lẹ́yìn kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀.