Ìwé Ayùn Tó Dára, Àmọ́ Kò Mọ Ìrókò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ìwé nípa ayùn ni mo gbé wá lóṣù yìí. Ọ̀ràn náà dùn mí ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Gbájì, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà ní ìwé pélébé kan tó bá ayùn rẹ̀ wá láti òkè òkun. Inú àpótí irinṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èmi yìí ni mo fà á ya fún alákàrà! Kò pẹ́, mo tún mú fáìlì, mo ní mò ń bá wọn pọ́n ayùn. Mo pọ́n eyín kan jù, mo fo òmíràn. Ayùn náà kò gé igi gún mọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo ka Crosscut Saw Manual. Warren Miller ló kọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó igbó, ní 1977. Wọ́n tún un ṣe ní 2003. Òfin 1964 kò gba ẹ̀rọ láyè nínú àwọn igbó kan níbẹ̀. Ayùn ọlọ́wọ́ méjì ló kù, àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ́n sì ń dín kù. Miller kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Àlàyé rẹ̀ yéni yékéyéké. Oríṣi eyín méjì ló ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń gé igi, èkejì ń kó èérún jáde, èyí tó ń kó sì gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀. Kí o tó pọ́n ọ̀kankan, mú orí gbogbo wọn dọ́gba. Ibi tí mo ti kùnà gan-an nìyẹn! Bí ayùn bá mú dáadáa, èérún gígùn ló ń jáde; bó bá ń yọ bí ìyẹ̀fun, iṣẹ́ kù.

Àmọ́ ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Gígé igi ní ìbú nìkan ló sọ. Àwọn alági tiwa, tí ọ̀kan ń dúró lókè igi, tí ìkejì wà nínú kòtò, òòró ni wọ́n ń là á sí pákó. Ayùn ìyẹn ní ìpọ́n tirẹ̀. Kò sì mọ ìrókò, tí òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, tó ń kú eyín ayùn.

Ṣé ká wá dá Miller lẹ́bi? Rárá o! Igi ilẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀wé lé lórí. Ní Àgbádárìgì níhìn-ín, a tọ́jú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845, ó dáa. Ṣùgbọ́n pákó kì í la ara rẹ̀. Bí àgbà alági bá wà nílé yín, ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ bi í bó ṣe ń pọ́n ayùn, ì báà ṣe lédè Yorùbá tàbí Ègùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́ fún irú ọmọ bíi tèmi.