Ọmọ Tún Iṣẹ́ Bàbá Ṣe: Lórí Àtúnpò Àwọn Àwo Orin Rọ́ọ̀kì

Nígbà tí àwo Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band ti àwọn Beatles pé 50 ọdún ní 2017, Giles Martin tún ohùn inú rẹ̀ pò. Bàbá rẹ̀, George Martin, ni ó darí iṣẹ́ náà ní 1967. Láti ìgbà náà ni àwọn olùgbọ́ ti ń jiyàn: ṣé àtúnṣe ni ọmọ yìí ṣe ni, tàbí àbàjẹ́?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Bí a bá nu ohùn àwo àtijọ́ mọ́ kí ó lè já geere, ó dà bí ìgbà tí a tún ìwé tẹ̀ ní àkọtọ́ 1974: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kò yí padà. Àtúnpò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń tún orin pò yóò padà sí téèpù ìpilẹ̀ṣẹ̀, níbi tí ìlù ti dá wà, tí jìtá dá wà, tí ohùn akọrin náà sì dá wà. Òun ni yóò pinnu èyí tí yóò ròkè àti èyí tí yóò rẹlẹ̀. Iṣẹ́ olóòtú ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ atẹ̀wé.

Ní ti Sgt. Pepper, ẹjọ́ àwọn tí ó fẹ́ àtúnpò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ipa ohùn mẹ́rin péré ni téèpù ìgbà náà gbà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kún, wọn a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ipa kan lórí téèpù mìíràn, ohùn a sì máa ṣá bí aṣọ tí a fọ̀ ní àfọ̀tún. Martin àti Sam Okell padà sí téèpù tí kò tíì ṣá. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ti mónò ni àwọn Beatles jókòó tì nígbà tí a ń pò ó. Ti sítẹ́rìó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá fi mọ àwo náà, ẹ̀yìn wọn ni a ti ṣe é. Nínú "She's Leaving Home", sítẹ́rìó àtijọ́ falẹ̀ ju mónò lọ. Àtúnpò 2017 tẹ̀lé eré mónò. Ta ni ó wá ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀?

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ àwọn alátakò sẹ́yìn. Wọ́n ní ìlù àti jìtá béèsì ti lágbára jù, pé orin 1967 wá ń dún bí orin àná. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni àwọn wọ̀nyí ń wá. (Nígbà mìíràn wọn a máa bínú bí ẹni pé olè wọlé wọn.)

Ìbínú wọn tọ́ jù lọ lórí Raw Power ti àwọn Stooges. David Bowie ni ó po èyí tí ó jáde ní 1973. Ní 1997, Iggy Pop tí ó kọrin náà fúnra rẹ̀ tún un pò, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè débi pé ó ń ya. Àwọn kan fẹ́ràn ìgbóná rẹ̀, àwọn kan ní etí ń ro wọ́n. Olórin ni ó ni iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí olùgbọ́ ti fara mọ́ ti Bowie fún ọdún 24. Ní 2010 ni ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tún gbé ti Bowie jáde.

Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn kan ilẹ̀ wa. Èkó ni Paul McCartney ti gba ohùn púpọ̀ nínú Band on the Run sílẹ̀ ní 1973. Fún àjọ̀dún 50 ọdún rẹ̀, ní 2024, wọn kò fọwọ́ kan àpòpọ̀ àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi òmíràn sí, tí Geoff Emerick ti pò ní 1973, tí kò ní ohùn gòjé tí Tony Visconti tò sí i ní London. Ẹni tí ó fẹ́ gòjé, ó wà níbẹ̀; ẹni tí kò fẹ́, tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n óò tún bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí ó po orin, àti ọdún tí ó pò ó, gàdàgbà sí ojú àwo, bí a ti ń kọ ti olóòtú sí iwájú ìwé.