Sípírínì Tí Kò Rọ̀, Tí Kò Le Jù

Oníbàárà tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ Peugeot 504 òun sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kámúṣáàfù ló máa ń dárúkọ. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè sípírínì fáàfù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń dùn mọ́ mi.

Kámúṣáàfù ló ń ṣí fáàfù, sípírínì ló ń pa á dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 2,500 ni sípírínì kọ̀ọ̀kan ń súnkì, tó tún ń nà. Kámúṣáàfù tuntun a máa ti fáàfù jìn ju ti tẹ́lẹ̀. Bí sípírínì bá rọ̀, písítìn lè bá fáàfù lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìró ìpàdé wọn rí mọ iye tó ná an.

Ni àwọn ọmọọṣẹ́ bá rò pé èyí tó le jù ló dáa jù. Irọ́ ni! Èyí tó le kọjá ààlà á jẹ kámúṣáàfù náà run, pàápàá ti 504 tí tápẹ́ẹ̀tì ń ha á lára tààrà.

Kí n lè mọ èyí tó ṣe wẹ́kú, fẹ́níà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, ni mo ń lò. Mo máa wọn gíga sípírínì bó ṣe jókòó nígbà tí fáàfù padé, màá yọ iye tí kámúṣáàfù tuntun fẹ́ tì í kúrò. Lẹ́yìn náà, màá fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ títí irin rẹ̀ á fi kanra, tí ìmọ́lẹ̀ ò ní ráàyè là á kọjá, màá tún wọ̀n ọ́n. Iye tó kù nínú ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi bíi 1.5 mm ju ìkejì lọ. Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ sípírínì lè mú un le díẹ̀ sí i, àmọ́ inú àyè yẹn náà ló ti ń jẹ.

Ní Kabawa, àdúgbò wa lẹ́bàá odò, omi tún wà níbẹ̀. Odò Ọya wọlé bá wa ní 2012, ó tún padà wá ní 2022. Sípírínì tó bá ti dógùn-ún, bí wọ́n fọ̀ ọ́ títí tó ń dán, ojú ibi tí ìpatà ti jẹ ẹ́ ṣì wà, ibẹ̀ ló sì máa ti kán. Èékánná ni mo fi ń wá a. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ò mọ wàhálà yìí: Yamaha tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kò ní kámúṣáàfù rárá.

Lọ́dún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, ọdún náà ni Ove Andersson fi 504 gbégbá orókè nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí náà, bí owó oníbàárà ò bá ká kámúṣáàfù àti sípírínì pọ̀, mo máa ń ní ká fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ná. Àwọn kan ń gbà. Àwọn kan ń wa ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.