Ohùn Pẹ̀lẹ́ Nínú Ọyẹ́: Àyẹ̀wò Àwo Orin Twelve Songs of Christmas ti Jim Reeves àti Ìtẹ́wọ́gbà Rẹ̀ Láàárín Àwọn Olùgbọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ohùn ọkùnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 1964 a tún máa dún nínú ilé, ní ọjà, nínú ọkọ̀ èrò àti lórí rédíò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohùn Jim Reeves, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni ohùn náà. Àwo orin rẹ̀, Twelve Songs of Christmas, tí ilé-iṣẹ́ RCA Victor gbé jáde ní ọdún 1963, ti di ara ọdún Kérésìmesì gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì, adìyẹ àti aṣọ tuntun ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ orin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni kò mọ orúkọ àwo náà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé gbajúgbajà olórin kọ́ńtírì ni ẹni tí ó kọ ọ́.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kì í sábà dá sí irú àwo báyìí. Àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí lórí orin Yorùbá kà á sí àlejò. Àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí orin Amẹ́ríkà kò sì ka ilé kejì tí ó ní sí nǹkan kan. Nígbà tí ẹnìkan bá dá sí i, ẹ̀sùn kan náà ni ó máa ń jáde: pé àṣẹ́kù ìmúnisìn ni ìfẹ́ tí a ní sí i, pé kò bójú mu kí àgbàlagbà ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó máa kọrin nípa yìnyín tí kò fojú rí rí. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àyẹ̀wò yìí dúró lé ni pé kì í ṣe yìnyín ni àwọn olùgbọ́ Yorùbá rí he nínú àwo náà. Ohùn ni wọ́n rí, àti ètò tí a fi to orin, àti ìdáhùn sí ìṣòro kan tí ìwé orin ìjọ Yorùbá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Bí Ohùn Náà Ṣe Di Ohùn

Ọdún 1923 ni wọ́n bí Reeves. Ó ti ṣiṣẹ́ olóòtú lórí rédíò kí orúkọ rẹ̀ tó rìn jìnnà. Nínú àwọn orin tí ó fi bẹ̀rẹ̀, bíi Mexican Joe ti ọdún 1953, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì le, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn olórin kọ́ńtírì ìgbà náà. Àyípadà dé ní ọdún 1957 pẹ̀lú orin Four Walls. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ́kípẹ́kí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń kọrin bí ẹni tí ó ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Chet Atkins tí ó darí ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá ìlànà tí a mọ̀ sí Nashville Sound sílẹ̀. Nínú ìlànà yìí, fáyólìn oko àti gìtá onírin fà sẹ́yìn. Dùùrù jẹ́jẹ́ àti àwọn elégbè tí ohùn wọn dán bọ́ sí iwájú.

Ọ̀nà ìkọrin yìí jìnnà sí èyí tí etí Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oníjàálá àti onírárà ní láti ju ohùn wọn jáde kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn àgbo. Ohùn Reeves kò wá àgbo. Ó jọ ohùn àgbà tí ó ń ṣìpẹ̀ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí a bá sì rántí pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ láì gba èsì, a ó rí ìdí tí ohùn yìí fi ṣe àjèjì, tí ó sì dùn. Àpótí tí ó máa ń pàṣẹ, tí ó máa ń ka ìròyìn, ni ohùn kan ti jáde wá tí ó dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé olùgbọ́ wà níbẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó rọrùn láti gbójú fò. Reeves kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Gbogbo kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ ni ó ń yọ, ó sì ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ààyè kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Fún olùgbọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún, tí ó kọ́ ọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbi tí olùkọ́ ti ń pè é ní kedere, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ó lè gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Àwo yìí bọ̀wọ̀ fún ẹni tí èdè náà kì í ṣe tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ètò Orin Méjìlá

Bí a bá fi etí sí àwo náà ní ẹsẹẹsẹ, a ó rí i pé ìrìn-àjò kan wà nínú rẹ̀. Jingle Bells ni ó ṣí i. Silent Night ni ó pa á dé. Apá àkọ́kọ́ kún fún agogo, ijó polka, Santa Claus àti káàdì ọdún. Nígbà tí a bá dé orin kẹjọ, C-H-R-I-S-T-M-A-S, tí ó ń ṣe àlàyé lẹ́tà orúkọ ọdún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà yí padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Orin mẹ́rin ìparí, O Little Town of Bethlehem, Mary's Little Boy Child, O Come All Ye Faithful àti Silent Night, ti ilé ìsìn ni gbogbo wọn. Àwo náà bẹ̀rẹ̀ ní òde, ó sì parí ní ìdí ibùjẹ ẹran. Ètò ọjọ́ ọdún ilé Kristẹni Yorùbá kò jìnnà sí èyí. Ariwo ọjà, abọ́ oúnjẹ àti bàǹgà ọmọdé wà níbẹ̀, ìsìn àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ nínú àwo náà ni pé ohùn olórin kò yí padà. Ẹni kan náà tí ó fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ agogo ni ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ tí a bí.

Nínú orin mẹ́rin ìparí náà, Mary's Little Boy Child yẹ fún àkíyèsí ọ̀tọ̀. Jester Hairston, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti jẹ́ ẹrú, ni ó kọ ọ́, Harry Belafonte sì sọ ọ́ di mímọ̀ ní ọdún 1956. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú àwo yìí ni ó jẹ́ ti òyìnbó ti gbàgbé orin kan tí ọmọ-ọmọ ẹrú kọ.

Yìnyín àti Ọyẹ́

Orin tí ẹ̀sùn ìmúnisìn máa ń dúró lé jù ni White Christmas. Kí ni ó kan ọmọ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú yìnyín? Ìtàn orin náà ni ó dáhùn. Irving Berlin tí ó kọ ọ́ jẹ́ Júù tí wọ́n bí ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà, tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ẹsẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, tí àwọn olórin kì í sábà kọ, fi ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí ìlú Los Angeles, níbi tí oòrùn ti ń ràn tí ọ̀pẹ sì dúró. Kò sí yìnyín níbi tí ó wà. Àárò yìnyín ni ó ń sọ ọ́. Kókó orin náà, nígbà náà, ni ọdún tí ó bá ènìyàn ní ibi tí kì í ṣe ilé.

Bí a bá fi ojú yìí wò ó, a ó rí i pé àìsí nílé ni òpó tí ó gbé apá àkọ́kọ́ àwo náà dúró. Nínú Blue Christmas, ọdún dé, olólùfẹ́ kò sí níbẹ̀. Nínú An Old Christmas Card, ìwé ìkíni àtijọ́ ni ó kù lọ́wọ́. Ìdílé Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, kò nílò atúmọ̀ èdè láti lóye orin wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ́kù nínú ilé lẹ́yìn tí bàbá tí ó ra àwo náà ti lọ. Yìnyín di àmì ohun tí kò sí lọ́wọ́. Ọyẹ́ tí ó bo òkè mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé sì tó láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin

Ìdí kan kù tí ó jinlẹ̀ ju àwọn ti ìṣáájú lọ, inú èdè Yorùbá ni ó sì wà. Nígbà tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ohùn orin Yúróòpù ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó wálẹ̀, ìtumọ̀ a yẹ̀, olùgbọ́ a sì máa fi ọgbọ́n orí tún un ṣe. T. K. E. Phillips kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní ọdún 1953. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣòro yìí. Nígbà tí Reeves bá kọ Silent Night, ohùn orin kò ba ọ̀rọ̀ kankan jẹ́. A lè sọ, nígbà náà, pé olùgbọ́ Yorùbá ń gbọ́ orin náà ní pípé ní èdè àlejò ju bí ó ti ń gbọ́ ọ ní èdè ìyá rẹ̀ lọ.

Ibí ni ẹ̀sùn tòótọ́ wà, orí àwo náà kọ́ ni ó sì yẹ kí ó bọ́ sí. J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin ìsìn tí ó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1922, nígbà tí wọn kò tíì bí Atkins pàápàá. Ọ̀nà ti là. Àwọn tí ó yẹ kí ó rìn ín kò pọ̀ tó, ìtọ́jú àti ìpolówó tí orin wọn sì rí kò tó ti àwo àlejò. Àlejò tí ó rí àga òfìfo tí ó sì jókòó kò jalè.

Ibi tí Àwo Náà Kù Sí

Kì í ṣe pé àwo náà kò ní àbùkù. Nínú Señor Santa Claus, Reeves gbé ohùn ọmọ Mẹ́síkò wọ̀ bí ẹ̀wù eré, èyí tí kò dùn létí mọ́ lónìí. Dídán tí ohùn rẹ̀ dán bákan náà láti orin dé orin mú kí ìyanu ìtàn ìbí Jésù rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó wúwo jù ni pé ní ọdún 1962, ọdún méjì lẹ́yìn ìpànìyàn Sharpeville, Reeves lọ kọrin ní Gúúsù Áfíríkà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó kọrin ní èdè Afrikaans, ó sì padà lọ ṣe fíìmù Kimberley Jim níbẹ̀. Ohùn tí ó tu bàbá kan nínú ní Abẹ́òkúta ni ó tu ẹni tí ó ń ni aláwọ̀ dúdú lára nínú ní Pretoria. Lámèyítọ́ tí kò bá sọ èyí ti fi ìfẹ́ bo ojú òtítọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mímọ ibi tí ohùn kan ti rìn dé kò pa á lẹ́nu mọ́. Ó kàn ń jẹ́ kí a mọ irú ẹni tí a gbà sílé.

Ìgúnlẹ̀

Ohun kan tí àwọn olórin Yorùbá mú nínú kọ́ńtírì fi hàn pé gbígbà kì í ṣe ìsìnrú ní dandan. Gìtá onírin tí Nashville Sound tì sẹ́yìn ni Demola Adepoju gbé wọ inú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, tí a sì gbọ́ nínú àwo Juju Music ní ọdún 1982. Níbẹ̀, ó ń dá gángan lóhùn, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àlejò. Jùjú yan ohun tí ó wúlò fún un, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwo Kérésìmesì: kí ó mú ohùn tí ó sún mọ́ etí, ọ̀rọ̀ tí ó yọ kedere àti ètò tí ó rìn láti òde dé ibùjẹ ẹran, kí ó sì fi wọ́n sin orin tí kò da ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá rú. Títí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi gbilẹ̀ nínú ilé, ọyẹ́ yóò máa dé lọ́dọọdún, ọkùnrin Texas náà yóò sì máa bá a dé.