Ojúlówó Pijó 504

Ní Akpro-Missérété, nítòsí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó mọ ọkọ̀ Pijó 504 dunjú kì í fi ọ̀dà ara ọkọ̀ náà mọ ojúlówó. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fi àkísà nu irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn, yóò sì wò ó bóyá nọ́ńbà ibẹ̀ bá èyí tí wọ́n lù sára ọkọ̀ mu. Ọdún 1968 ni Pijó 504 jáde ní Faransé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, ìdí nìyí tí orírun ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì. Ìmọ̀ ńlá ni irú àyẹ̀wò yẹn, mo gbé òṣùbà fún ẹni tó ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀kan nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta ojúlówó iná iwájú rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.